Ta Ló Mu Omi Ọmú Inú Ife Kékeré?

Ẹ wá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá. Wulan, wọ́ ẹní rẹ sún mọ́bí, má sùn sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ratmi, dìde, wá fara ti ìyá àgbà níbi ààrò, ẹ̀yinná ṣì gbóná nínú ẹ̀. Ẹ jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí. Mo mọ̀ pé oorun ń kùn yín, ẹjọ́ yín kọ́, àwọn àlejò tó wá ṣọ́ ọmọ titun ló gba yàrá yín, àwọn ló gba ìrọ̀rí yín, ilé ìdáná ló kù fún ọmọ onílé. Ẹ ṣáà jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bi ìyá bàbá yín, kí ẹnikẹ́ni má baà jí lọ́la kó ní èmi Tumirah, ìyá Rusmini, wá pa irọ́ mọ́ àna mi nínú ilé ara rẹ̀.

Àna mi, ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Rárá o, ẹ gbé àwo pákí díndín yẹn kalẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ pákí láti ìrọ̀lẹ́ kò ní kú tí kò bá rí òmíràn jẹ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ jókòó, mo bẹ̀ yín. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ife tíì kékeré, èyí tí mo fi àwo pẹrẹsẹ bò, tí mo gbé sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀. Ẹ wo inú rẹ̀. Ó gbẹ. Ó gbẹ bí ẹnu arúgbó tó gbààwẹ̀. Ta ló mu omi ọmú ọmọ-ọmọ mi?

Kí lẹ wí? Ẹ tún un wí, etí mi ọ̀tún kì í tètè gbọ́. Ẹ rò pé kí ni? Mílíìkì! Àna mi, mílíìkì wo lẹ rí nínú ilé yìí láti ìgbà tí mo ti dé? Agolo mílíìkì wo la ṣí? Ẹ wá dà á sínú kí ni? Sínú kọfí. Ó dáa. Kọfí ta? Ẹ má wo ilẹ̀, ilẹ̀ kọ́ ló mu ún. Mo ní kọfí ta?

Háà! Subuanalahi! Baálẹ̀! Baálẹ̀ Karsono tí irun imú rẹ̀ gùn tó ìgbálẹ̀, tó ní ọmọ-ọmọ, tó ní màlúù, tó ní eyín góòlù, òun ló mu omi ọmú Rusmini! Ẹ dúró kí n mí. Wulan, bá mi di ife yìí mú kí n má baà sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe rí omi yẹn, àna mi? Ṣé ẹ rò pé mo lọ fa á nínú kànga ni? Láti ìgbà tí a ti kírun alẹ́ ni mo ti jókòó ti ọmọ mi. Mo fi aṣọ gbígbóná tẹ ọmú rẹ̀ tó ti le bí òkúta, mo fi òróró àgbọn pa á, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀kán kan á já bọ́, á dúró. A ó máa wo ara wa. Ẹ̀kán míì á wá. Rusmini ń fi eyín gé etí ìrọ̀rí jẹ kí ó má baà ké, nítorí kí ni? Kí àwọn àlejò yín má baà gbọ́! Omijé rẹ̀ pọ̀ ju omi ọmú rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi bo ìdí ife, èmi àti òun ń yọ̀ bí ọmọdé tó rí owó he. Mo ní, "Rusmini, ó ti tó ṣíbí mélòó kan o!" Ó ní, "Màmá, ẹ bò ó kí eṣinṣin má bà á." Eṣinṣin! A ń ṣọ́ eṣinṣin, a ò mọ̀ pé Baálẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́.

Nọ́ọ̀sì Endah ló ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀, ojú yín ló ṣe sọ ọ́, ẹ sì ń mi orí bí aláǹgbá. Ó ní ọmú ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu, ọmú ọ̀tún, ọmú òsì, kó fà á tó bó ṣe fẹ́. Èyí tí kò bá rí fà, ká fún un jáde sínú ife, ká fi ṣíbí fún un lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú! Kí ọmọ má baà gbàgbé ọmú, kí ọmú má baà gbàgbé ọmọ. Ó ní bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni yóò ṣe máa wá. Ó ní kò sí omi, kò sí oyin, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, àbí ẹ ò gbọ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń ké. Ọmọ titun, kí ló tún mọ̀ ju ẹkún lọ? Ẹkún yẹn ló fi ń pe omi ọmú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú àwọn àlejò wí pé, "Ọmọ yìí lóhùn o, kò jẹ́ ká gbọ́ káàdì tí à ń pè." Ẹ̀fẹ̀ lásán ló ń ṣe! Àní ẹ̀fẹ̀ ni! Ẹ̀yin lẹ gbé e sáyà. Ẹ wọlé, ẹ gba ọmọ lórí àyà ìyá rẹ̀, ẹ ní kó sinmi, ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣíbí ha á, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ìrẹsì, ẹ tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já! Ó dákẹ́. Lóòótọ́ ló dákẹ́. Ẹ wá jáde sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ ní, "Ẹ ò rí i? Ebi ló ń pa á. Ọmú ìyá rẹ̀ kò lómi." Níwájú gbogbo wọn! Rusmini sì gbọ́ ọ. Ọparun híhun ni ògiri ilé yìí, àna mi, kò sí ohun tí a sọ níhìn-ín tí tọ̀hún kò gbọ́.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọmọ yó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò fa ọmú. Ọmú kò rẹ́ni fà á, ó le, ó gbóná, ibà mú ìyá. Ibà mú ìyá, ẹ ní, "Ṣé mo wí fún yín pé kò lómi?" Ẹ tún ha ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ dí odò, ẹ wá ń bú odò pé kò ṣàn! Èyí tó tiẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n rúsúrúsú, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ti kan, tí ẹ ní kó fún un dà sílẹ̀? Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn gan-an ni oògùn ọmọ. Ilẹ̀ ilé yìí ló jẹ oògùn yẹn.

Ẹ má sọkún. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, lẹ́yìn náà kí a jọ sọkún.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ikùn rẹ̀ wú? Mo gbé ọwọ́ lé e, ó le bí àgbọn. Kò ké mọ́. Ẹ̀yin ní ó ti di ọmọ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe pẹ̀lẹ́, àna mi! Agbára ẹkún ló tán! Ó ń ya ẹnu lásán, ojú rẹ̀ ń yí lọ sókè. Ó bì, èébì náà dà bí omi ewéko. Ta ló sáré nínú òjò lọ pe nọ́ọ̀sì? Èmi ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí mo ń wọ́ yìí. Ó gun alùpùpù dé, omi ń ro lára rẹ̀, ó tẹ ikùn ọmọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí ojú rẹ̀, ẹ ń bu tíì fún àlejò. Èmi rí i. Ó ní bí a bá tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi là á nílé ìwòsàn ìlú, tó bá lè débẹ̀.

Ẹ mọ ìdí tí mo fi ké nígbà tí mo rí ṣíbí lọ́wọ́ yín? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Rusmini gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ti wà ṣáájú Rusmini. Ọkùnrin ni. Etí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó rí bí etí ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ẹnu kan etí ọmọ yìí ṣáá, tí ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ló ha ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un. Obìnrin rere ni, bí ẹ̀yin náà ṣe jẹ́ obìnrin rere, ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń tì í sí i lẹ́nu, orin ló ń kọ. Ikùn rẹ̀ wú. Kò yàgbẹ́. Wọ́n ní ohun tó ń gbé inú igbó ọparun ló rí i. Wọ́n fi ewé nù ún lára, wọ́n ta iyọ̀ sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi kaḿbójà, òdòdó rẹ̀ ń já bọ́ lé wọn lórí bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni omi ọmú mi dé. Àna mi, ó dé bí odò. Ó rẹ aṣọ mi, ó rẹ ẹní, ó ń kán sílẹ̀ bí mo ṣe ń rìn, kò sì sí ẹnu kankan láyé yìí tó ń dúró dè é.

Nítorí náà ẹ má kọ́ mi ní àṣà! Mo mọ àṣà. Mo mọ̀ pé bí obìnrin bá bímọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò á wá ṣọ́ ilé, wọn á ta káàdì, wọn á mu sìgá kànáfùrù, wọn á jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́ kí ohun burúkú má baà wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ló fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, èwo lohun burúkú tó wọlé tọ ọmọ wá nínú ilé yìí? Ẹnu ọ̀nà ló gbà? Ojú fèrèsé ló gbà? Inú ṣíbí ló jókòó sí! Wọ́n ń ṣọ́ iwájú ilé, ewu ń jáde láti ilé ìdáná. Rusmini kò sì sùn. Bó bá fẹ́ gbé ọmọ sọ́mú, ẹ̀rín á bú, yóò dẹ́rù bà á. Bó bá fẹ́ sùn, wọ́n á na káàdì mọ́lẹ̀, pá! Nọ́ọ̀sì ní ìyá tí kò sùn, tí àyà rẹ̀ ń já, omi ọmú rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. Èèfín sìgá ń gba inú ọparun wọlé, ọmọ ń sín. Ẹ ní àlùbáríkà ni ariwo. Àlùbáríkà wo?

Ẹ wò ó, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ má rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí bàbá Parjono ti kú, tí Parjono ọmọ yín, ọkọ Rusmini, fúnra rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ja lọ sójú òkun, ilé yìí dákẹ́ jù fún yín. Ọmọ dé, ilé kún, ẹ̀rín dé, ẹ ò fẹ́ kó tán. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ Parjono wáyé nínú ilé òfìfo. Ó yé mi, wallahi ó yé mi. Ṣùgbọ́n àna mi, ta la tìtorí rẹ̀ pe àlejò? Ẹ jẹ́ kó wà láàyè ná kí a tó máa bá a ṣàlejò!

Àti ọ̀rọ̀ Lasmi. Hẹn, ẹ rò pé mo ti gbàgbé. Lasmi aládùúgbò wa, tó ń tọ́mọ ọkùnrin lọ́wọ́, tí omi ọmú rẹ̀ ń ṣòfò, ó wá fúnra rẹ̀, ó ní kí òun fún ọmọ wa mu títí ara ìyá rẹ̀ á fi le. Kí lẹ sọ? Ẹ ní rárá, pé àwọn tó bá mu ọmú kan náà ti di tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọn kò lè fẹ́ ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé Lasmi ní oko ìrẹsì lẹ́bàá odò, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lè wá fẹ́ ọmọ wa lọ́jọ́ iwájú! Ọmọ tí kò tíì lórúkọ, ẹ ti ń wá ọkọ fún un! Ìgbéyàwó lẹ̀ ń rò, èmi ń ro ìsìnkú!

Ó dáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin ọmú, ẹ wá bá mi ṣírò tòní. Baálẹ̀ Karsono ti mu ọmú Rusmini. Kí ni Baálẹ̀ wá jẹ́ sí wa? Ẹ dáhùn! Ẹ ní ti ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjì lọ ni òfin yẹn? Bóyá. Ẹ lọ bi Ààfáà. Lójú tèmi, ọmọ-ọmọ mi ni. Ọmọ-ọmọ mi onírun-imú! Ẹ̀gbọ́n ọmọ ìkókó! Ẹ gbé e wá kí n pọ̀n ọ́n! Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, eyín góòlù ló ní, òun lè rún un!

Wulan, má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ rè é, àna mi, n kò ní tún un sọ. Mo fẹ́ kí ilé yìí dákẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ kó gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àlejò gbé wá, kí ẹ fún ewúrẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín se ọbẹ̀ ewé katu tó ń mú omi ọmú wá fún Rusmini, kí ẹ bu ẹja sí i, ẹ má sọ fún mi pé ẹja máa ń jẹ́ kí omi ọmú rùn. Kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹnu yín yẹn pé irọ́ ni ẹ pa, pé ọmú rẹ̀ lómi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ kó o jẹ. Bí oòrùn bá sì dé àtàrí tí ọmú kò tíì sọ̀, mo ń lọ pe Lasmi. Kí ọmọ yín ọkùnrin padà dé láti ojú òkun kó bá ọmọ rẹ̀ láàyè, kó wá ọkọ míì fún un. Bí ẹ bá kọ̀, mo fi èyí tó wà lábẹ́ igi kaḿbójà búra, màá gbé ìyá, màá gbé ọmọ, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí abúlé mi nínú òjò yòówù kó máa rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dá mi dúró kó wá...

Ẹ gbọ́ ná.

Kí ló dé tí yàrá iwájú dákẹ́? N kò gbọ́ káàdì mọ́. Wulan, yọjú wò wọ́n láàárín ọparun. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń wo ilẹ̀? Gbogbo wọn? Hẹn-ẹn. Ògiri ti bá mi jíṣẹ́.

Rárá, ẹ jókòó, àna mi! Ẹ má sáré lọ bẹ̀ wọ́n. Ojú á tì yín lónìí, ọmọ á yè lọ́la, ẹ jẹ́ kó tì yín. Wọ́n ń dìde. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Ládàánì náà rèé tó ń pèrun àsùbáà, ó bọ́ sí àkókò fún wọn, kò sẹ́ni tó máa ní wọ́n sá. Ẹ rọra o, ẹ̀yin bàbá! Ẹ má ta fìtílà tí a tàn sórí ibi tí a sin olóbì ọmọ sí lẹ́nu ọ̀nà dànù! Ẹ ṣeun, ẹ ti ṣọ́ wa, ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ ní àlàáfíà.

Ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri? Baálẹ̀, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ má wọlé, ẹ dúró síbẹ̀ wí tẹnu yín. Mo ń gbọ́. Ẹ ò mọ̀ ni? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un wí kí àna mi gbọ́.

Ha! Ha! Ó ní òun ń sọ fún wọn pé kọfí òní ló dùn jù láti ìgbà tí àwọn ti ń bọ̀! Ó ní òun tiẹ̀ fẹ́ bèèrè òmíràn! Yéè, ikùn mi o! Ẹ ò gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmú ọmọ mi kò dára? Baálẹ̀ jẹ́rìí sí i! Baálẹ̀, ẹ máa lọ, ẹ máa lọ sílé, ọmọ-ọmọ mi àtàtà, mo ti foríjì yín. Àna mi, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ má fi aṣọ bojú. Ta tún ló ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn? Rusmini? O gbọ́ ọ, Rusmini? Láti ọjọ́ tó ti bímọ n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ pa ẹnu mọ́ ná, gbogbo yín. Ratmi, fi etí lé ògiri. Kí lo gbọ́?

Ọmọ ń gbé e mì. Gbùn. Ó dúró. Gbùn. Àna mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ fúnra yín. Kò tíì pọ̀, n kò purọ́ pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí káàdì tó borí rẹ̀ mọ́. Wulan, lọ fọ ife kékeré yẹn wá, a ó tún lò ó kí oòrùn tó ràn. Kí ẹ̀yin, àna mi, dìde lọ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn àlejò tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ rọra pa á o.